Ẹ̀yìn La Máa Ń Kọ Síra Wa

Ní ọdún tí a kọ́kọ́ dá ẹgbẹ́ orin wa sílẹ̀, ìyá mi bi mí ní ìbéèrè kan, mo sì fi ìgbéraga dá a lóhùn. A ṣẹ̀ṣẹ̀ fi orin da pálọ̀ rẹ̀ rú tán ni, nínú fúláàtì tí ìjọba àpapọ̀ fún bàbá mi ní Festac nígbà tí mo wà ní kékeré. Àwọn méjì tí a jọ ń ṣeré ti lọ. Ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà ní bákónì, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Orin tí kò ní ẹsẹ kìn-ín-ní, tí kò ní ègbè, tí kò ní àmín," ó ní, "báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé ó ti tán?"

"A máa ń gbọ́ ọ ni, Màmá."

"Ẹ máa ń gbọ́ kí ni?"

"A máa ń gbọ́ pé ó ti tán."

Ó wá wò mí. Iṣẹ́ atẹ̀wé ló ṣe fẹ̀yìntì ní iléeṣẹ́ ìjọba, ojú tó fi máa ń wo ìwé tí ọ̀gá rẹ̀ bá kọ ní ìkọkúkọ ló fi wò mí. Ó ní, "Ó dáa. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí etí yín di." Mo rẹ́rìn-ín, mo ní àmín. Nínú gbogbo àdúrà tí mo ti ṣe àmín sí láyé mi, kò sí èyí tí mo fi ojú kékeré wò tó bẹ́ẹ̀.

Jáàsì ni à ń ṣe, ṣùgbọ́n irú èyí tí kò ní òfin. Ẹnikẹ́ni kì í kọ ọ́ sílẹ̀. A kì í ṣàdéhùn ohùn tí a ó fi bẹ̀rẹ̀, a kì í sì í ka ọ̀kan, méjì, mẹ́ta kí á tó gbéra. Ẹnì kan yóò ju nǹkan sílẹ̀, ẹnì kejì yóò gbé e tàbí kó fò ó dá, ibi tó bá gbé wa dé náà la ó bá a dé. Àwọn ará àdúgbò wa máa ń bá ìyá mi kẹ́dùn. "Ṣé o ń tún fèrè yẹn ṣe ni, àbí ò ń fọn ọ́n?" ni ìyàwó mi máa ń bi mí nígbà tó ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Kò sí lọ́dọ̀ mi mọ́. A kò jà o, ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni.

Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti kọ́ sakisofóònù. Lọ́jọ́ ìkórè kan, nígbà tí mo wà ní ọmọ ogún ọdún, wọ́n ní kí n dá fọn ẹsẹ kẹta orin ìdúpẹ́. Mo fọn ìlà méjì àkọ́kọ́ bó ṣe wà nínú ìwé, mo wá rí ojú ọ̀nà kan tó yà, mo yà sí i. N kò padà. Dùùrù ń pè mí, akọrin ń pè mí, gbogbo ìjọ ti dìde pẹ̀lú ìwé orin lọ́wọ́, wọn kò mọ ibi tí wọn yóò ti mú un. Nígbà tí ìsìn parí, ọ̀gá akọrin fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, inú ń bí i gidigidi. Ó ní, "Níbo lo gbé orin Ọlọ́run lọ?" Mo ní, "Mi ò tíì mọ̀, sà. Mo ṣì ń wá a." Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni mo sọ, ṣùgbọ́n ó rò pé mo ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n yọ mí kúrò nínú ẹgbẹ́ kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, bàbá mi kò sì bá mi sọ̀rọ̀ fún odindi oṣù kan.

Lẹ́yìn ìyẹn mo bá àwọn olórin háíláìfù ṣeré ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Mazamaza fún ọdún mẹ́sàn-án. Orin mọ́kànlá kan náà ni, ní gbogbo ìgbà. Ó dé ibi tí mo lè máa ro ọbẹ̀ tí mo máa bá nílé, kí ìka mi sì máa ṣiṣẹ́ tirẹ̀ lọ. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù tí mo fi kúrò níbẹ̀. Mo gba iṣẹ́ olùkọ́ orin ní ilé-ìwé kan ní Amúwò-Ọ̀dọ̀fin, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí yóò bá mi wá orin tí mo gbé lọ lọ́jọ́ ìkórè.

Ọkọ̀ mi tó ń dààmú ló mú mi dé ọ̀dọ̀ Àlájì. Kò tíì dé Mẹ́kà rí o. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Àlájì nítorí fìlà rẹ̀, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Ọmọ ìlú kan lápá Ọ̀ṣun ni, ó ń ta búréèkì ọkọ̀, tuntun àti tòkúnbọ̀, ní Trade Fair. Lọ́jọ́ tí mo débẹ̀, ó fi okùn so àwọn díísìkì búréèkì kọ́, àwọn irin róbótó tó máa ń wà lẹ́yìn táyà, ó ń fi sípánà kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá dára yóò ké gooo, èyí tó bá ti sán yóò kàn dún kọ̀. Ó ń kàn wọ́n lọ, ọwọ́ rẹ̀ kò dúró sójú kan, bẹ́ẹ̀ ni kò sọnù. Mo padà sídìí ọkọ̀ mi, mo gbé fèrè jáde. Kí wákàtí kan tó pé, àwọn oníbàárà rẹ̀ ti lọ rajà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Nígbà tó yá, ó ra ìlù òyìnbó.

Àǹtí ló ṣìkẹta wa. Ó ju àwa méjèèjì lọ. Òun náà fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ọkọ rẹ̀ ti kú, ó sì máa ń ta gìtá béèsì bí ẹni tó ń bá ọmọ tó ṣẹ̀ wí. Ilé rẹ̀ wà ní Ìjẹ̀gun-Ẹ̀gbá, gáráàjì olóògbé ọkọ rẹ̀ la sì ń lò ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé. Ní Sátidé kẹta tí a pàdé, ó dá ọwọ́ dúró, ó gbé gìtá sílẹ̀.

"Ojú mi lẹ̀yin méjèèjì ń wò!" ó pariwo. "Ẹ ń wá ibi tí mo máa dúró sí lójú mi. Ojú máa ń purọ́. Èèyàn á máa rẹ́rìn-ín sí ẹ, inú ẹ̀ ò dùn sí ẹ rárá. Ẹ yí àga yín padà."

A yí àga padà. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìn la máa ń kọ síra wa, bí ọmọ ìyá mẹ́ta tó ń jà. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bojú wẹ̀yìn. Etí nìkan ló kù fún wa, etí sì tó. Bí orin bá ti fẹ́ tán, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á gbọ́ ọ, a ó sì dúró lẹ́ẹ̀kan náà bí ìgbà tí iná bá lọ. N kò mọ nǹkan míì láyé yìí tó dùn mọ́ mi bẹ́ẹ̀. Gáráàjì náà há, àwo irin ńlá tó wà lára ìlù òyìnbó Àlájì kò sì jìnnà sí etí òsì mi ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Ibẹ̀ ló wà fún ohun tó lé ní ogún ọdún.

Fóònù ni mo kọ́kọ́ bá jà. Bí mo bá gbé e sí etí òsì, ẹni tó ń pè mí á máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà nínú àmù. Mo bú nẹ́tíwọ̀kì. Lẹ́yìn náà mo ṣàkíyèsí pé bí mo bá fi ìhà ọ̀tún sùn, kò sí ẹ̀fọn nínú yàrá, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá mọ Festac mọ̀ pé irọ́ ni. Ohùn tín-ín-rín kan wá gba àyè àwọn ẹ̀fọn náà, bíi kẹ́tù tó fẹ́ hó tí kò sì hó, láti àárọ̀ di alẹ́. Ìyá mi tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún á pè mí láti kíṣìnnì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á wá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi.

"Ṣé mo ti kú ni, tó ò fi dá mi lóhùn?"

"Jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ìsàlẹ̀ ni, Màmá."

"Wọn ò tíì tan jẹnẹrétọ̀ kankan lónìí."

Mo yọ́ lọ rí dókítà etí ní Amúwò. Obìnrin náà kéré sí mi gan-an, ó sì ní sùúrù. Ó fi nǹkan bo etí mi, ó ní kí n máa gbọ́wọ́ sókè bí mo bá ti gbọ́ ohùn. Mo jókòó síbẹ̀ bí ọmọ iléèwé tí kò mọ ìdáhùn. Mo ń gbọ́wọ́ sókè fún ohùn tí n kò gbọ́, torí ẹ̀rù bà mí pé ọwọ́ mi ti pẹ́ jù nílẹ̀. Ó rí mi, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó ṣe tán, ó ní etí òsì ti lọ jìnnà, kò sì ní padà. Tọ̀tún ṣì dára, ṣùgbọ́n òun náà ti ń múra ìrìn àjò.

"Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe, sà?"

"Fèrè ni mo ń fọn."

Ó tún wo ìwé rẹ̀. "Ta ló máa ń wà lọ́wọ́ òsì yín?"

Mo ní kò sẹ́nì kankan. Bí mo ṣe purọ́ fún dókítà nìyẹn, ẹni tí mo sanwó fún kí ó lè sọ òótọ́ fún mi.

Mo fẹ́ kí ẹni tó ń kà á mọ ìdí tí n kò fi sọ fún Àlájì, torí kì í ṣe ìgbéraga nìkan. Ọkùnrin yìí fi ọkọ̀ tẹ adìyẹ kan pa lọ́nà Ìjẹ̀gun nígbà kan. Ó bẹ obìnrin tó ni adìyẹ, wọ́n jọ parí ọ̀rọ̀. Odindi ọdún kan ni Àlájì fi ń yà kí obìnrin náà lọ́sẹ̀-ọ̀sẹ̀, títí obìnrin náà fi bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jọ̀ọ́, òun ti gbàgbé adìyẹ. Ẹni tí adìyẹ lásán ń jẹ lọ́kàn bẹ́ẹ̀, báwo ni n ó ṣe dúró níwájú rẹ̀ kí n sọ pé àwo rẹ ló jẹ etí mi? Kò tún ní fọwọ́ kan ìlù mọ́ láyé rẹ̀, mo mọ̀ ọ́n. Bí Àlájì bá dá ọwọ́ dúró, ẹgbẹ́ wa tán, bí ẹgbẹ́ wa bá sì tán, n kò mọ ohun tó kù tí mo fi ń jẹ́ èmi. Ìdí nìyẹn tí mo fi panu mọ́. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ohun tí mo ń fẹ́ gan-an nìyẹn, kí ó bá mi dákẹ́.

Ṣùgbọ́n orin kò gbà fún mi. N kò gbọ́ Àlájì dáadáa mọ́, pàápàá bí ó bá ń lu jẹ́jẹ́ bí orin ṣe ń lọ sópin. Oṣù kan gbáko ni mo fi ń là á já pẹ̀lú oríire. Mo wá rí gíláàsì iwájú ọkọ̀ kan, ti ọkọ̀ àtijọ́ ọkọ Àǹtí, tí wọ́n fi ti ara ògiri ní ọ̀kánkán mi. Eruku bò ó, ṣùgbọ́n bí oòrùn ọ̀sán bá wọlé, èjìká òsì Àlájì máa ń hàn nínú rẹ̀. Mo sì rí ohun tí n kò mọ̀ látọjọ́ yìí: bí Àlájì bá ti fẹ́ dúró, èjìká náà á kọ́kọ́ wálẹ̀.

Èmi tí mo máa ń lé ọmọ jáde ní kíláàsì nítorí pé ó wo ìwé ẹlòmíràn, èmi ni mo wá ń jí ojú wo gíláàsì ní Sátidé-Sátidé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan. Èjìká á wálẹ̀, èmi náà á dúró, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á bára wa níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkàn mi kì í balẹ̀. Bí ìkùukùu bá bo oòrùn, n kò ní rí èjìká mọ́. Mo ń wá àwọsánmà lójú ọ̀run láti àárọ̀ Sátidé bí àgbẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ń bẹ̀bẹ̀ kí òjò má rọ̀. Èyí tó dùn mí jù ni pé Àǹtí yìn mí. Ó ní, "Ìwọ, o ti ń gbọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ o. Àgbà ń kàn ẹ́." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú tì mí débi pé n kò lè jẹ ìpápánu tó gbé fún wa.

Ní ọdún tó kọjá, ilé-ìwé mi ní kí a wá ṣeré ní gbọ̀ngàn wọn ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan. Kò sẹ́ni tó pè wá rí ní àdúgbò wa. Ó ku Sátidé mẹ́ta. Mo dé gáráàjì, mo jókòó, mo gbójú sókè, mo rí ògiri.

"Àǹtí, gíláàsì tó wà níbí ńkọ́?"

"Mo ti fún mẹkáníìkì kan. Ó ti pẹ́ tó ti ń gba àyè. Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Rárá, mo kàn bèèrè ni."

Sátidé mẹ́ta náà, èmi ni mo ń kọ́kọ́ dúró. Bí orin bá ti ń falẹ̀ díẹ̀, n ó yára gbé fèrè kúrò lẹ́nu kí wọ́n má bàa dúró ṣíwájú mi. Àǹtí pòṣé lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́jọ́ eré náà, èèyàn pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Ìyá mi jókòó ní ìlà iwájú pẹ̀lú gèlè ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, páàsì rẹ̀ wà lórí itan. Jẹnẹrétọ̀ ilé-ìwé ń ké lẹ́yìn fèrèsé, lọ́wọ́ òsì mi gan-an. A kọ ẹ̀yìn síra wa, ojú mi sì kọ sí èrò. Orin méjì àkọ́kọ́ lọ bẹ́ẹ̀, mo tètè dúró nínú méjèèjì. Nínú ẹ̀kẹta, mo gbàgbé ẹ̀rù. Béèsì Àǹtí ń gbé mi lẹ́sẹ̀, mo dijú, mo rí ọ̀nà kan tó yà, ọ̀nà ọjọ́ ìkórè yẹn, mo yà sí i.

Ẹni tí etí rẹ̀ pé, bó bá gbọ́ pé ibi kan dákẹ́, ó mọ̀ pé ó dákẹ́ ni. Èmi kò gba ìdákẹ́jẹ́ gbọ́ mọ́. Lọ́wọ́ òsì, n kò gbọ́ Àlájì, mo ní ó wà níbẹ̀, etí mi ni. Lọ́wọ́ ọ̀tún, n kò gbọ́ Àǹtí, mo ní ó máa tó wọlé, ó máa ń dákẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà míì. Mo ń fọn lọ. Ó ṣe díẹ̀, nǹkan kan ṣe mí, mo la ojú. Ìyá mi ni mo kọ́kọ́ rí. Ó ń wò mí, ó rọra fi ọwọ́ gbá orí páàsì rẹ̀ bí ẹni gbá èérún búrẹ́dì dànù. Ohun tó máa ń ṣe fún mi ní kékeré nìyẹn bí mo bá ń sọ̀rọ̀ tó yẹ kí n ti parí níwájú àlejò. Mo gbé fèrè kúrò lẹ́nu. Mo rú òfin, mo bojú wẹ̀yìn. Àlájì ti gbé ọ̀pá ìlù lé itan. Àǹtí ti dìde dúró, ó kọjú sí mi.

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sí àtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé bí a ṣe tò ó nìyẹn. Olùkọ́ ìṣirò wa wá dì mọ́ mi, omi wà lójú rẹ̀. Ó ní ibi tí mo ti dá wà yẹn ló mú òun sunkún. Mo dúpẹ́. Àlájì ń tú àwo rẹ̀ kúrò lórí irin, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀, kò wo ojú mi.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ẹ yà sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́la, ẹ jọ̀ọ́."

Èmi àti ìyá mi délé. Níbi tó ti ń tú gèlè, ó ní, "Wọ́n ti parí, ìwọ ṣì ń lọ." Mo dibọ́n bí ẹni pé n kò gbọ́. Ó rọrùn fún mi láti dibọ́n báyìí.

Mo dé Trade Fair ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Àlájì gbé àga fún mi, ó ra mínírà fún mi, ó béèrè àlàáfíà Màmá. Lẹ́yìn náà ó gbé díísìkì búréèkì kan tó so mọ́ okùn, ó lọ dúró sẹ́yìn mi, lọ́wọ́ òsì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi gbọ́ eléyìí. Oníbàárà kan ń dúró dè é."

Mo fẹ́ yí orí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yíjú," ó ní.

Mo gbọ́ ọ. Kọ̀, bẹ́ẹ̀ ló dún, ó kú fin-ín-fin-ín. Inú mi tilẹ̀ dùn pé mo gbọ́ ọ. Mo ní, "Ó ti sán. Má tà á fún un."

Ó gbé díísìkì náà wá síwájú mi. Tuntun ni, ọ̀rá rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀ lápá kan. Ó kàn án pẹ̀lú sípánà, ó ké gooo, ó ké títí àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì fi bojú wò wá. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a. Tèmi kò tó ọdún méjì.

Àlájì lóṣòó síwájú mi. "Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́ díẹ̀."

"Kí ni wọ́n ní ó fà á?"

"Ọjọ́ orí ni, Àlájì. Mo ti darúgbó."

"Màmá yín ń gbọ́ ìró abẹ́rẹ́ tó bọ́ sílẹ̀." Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé àwo mi ni?"

Rárá ni ó yẹ kí n sọ. Ó wà lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n ogún ọdún ni ọkùnrin yìí ti ń gbọ́ bí mo ṣe ń mí kí n tó fọn fèrè, ó mọ ìgbà tí mo pẹ́ kí n tó wọlé. Mo pẹ́. Kí n tó la ẹnu, ó ti dìde, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ń sọ fún oníbàárà kan pé òun ń bọ̀.

Kò wá sí gáráàjì ní Sátidé yẹn. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún Àǹtí, títí kan gíláàsì. Ó gbọ́ ti etí, ó káàánú mi. Ó gbọ́ ti gíláàsì, ó bínú. "O wá jẹ́ kí n máa yìn ẹ́! Ọdún kan!" Ó pòṣé, ó wọlé lọ, ó tún jáde wá, ó gbé gìtá rẹ̀. Àwa méjì gbìyànjú rẹ̀. Orin náà kò dá lójú, kò sì tán. A ń lọ, a ń lọ, títí ó fi sú wa, a wá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Sátidé kejì náà rí bẹ́ẹ̀. Mo pe Àlájì, kò gbé e. Mo lọ sí Trade Fair, wọ́n ní ó lọ sílé. Mo rí àwo rẹ̀ lábẹ́ káńtà, ó ti wé e sínú àpò sìmẹ́ńtì. Ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ yẹn ju èyí tó bà mí lọ́dọ̀ dókítà lọ. Etí mi, mo ti ń sunkún rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. N kò tíì múra láti sunkún Àlájì.

Sátidé kẹta, mo kọ́kọ́ rí fìlà rẹ̀ lẹ́nu géètì. Ó ń gbé ìlù sọ̀kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò jẹ́ kí n ràn án lọ́wọ́. Kò gbé e síbi tó máa ń gbé e sí. Apá ọ̀tún ló tò ó sí, lọ́nà jíjìn, lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ó wá mú àga mi, ó yí i padà kí ó kọjú sí ìlù. Ó yí ti Àǹtí náà.

Àǹtí ní, "Kí lò ń ṣe yẹn?"

"Ẹ má bínú, Àǹtí. Ojú lọ̀rọ̀ wà."

Mo rò pé ó máa pariwo. Kò pariwo. Ó jókòó.

Bí mo ṣe kọ́kọ́ wo ojú Àlájì dáadáa lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn, lẹ́yìn ogún ọdún ó lé. Ó máa ń yọ ahọ́n díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu bí ọmọ tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ ara rẹ̀. Bí mo bá ti mọ̀ ni, ǹ bá ti fi ṣe é ní yẹ̀yẹ́ láti ọjọ́ yìí wá. Ṣùgbọ́n kò lu nǹkan kan tó dáa. Ó ń fọwọ́ pa ìlù lára. Etí mi ló ń wò, bí wọ́n ṣe ń wo ọmọdé tó fẹ́ sọdá títì. Àwo ńlá náà wà lórí irin, kò fọwọ́ kàn án rárá. Orin wa wá dà bí àbẹ̀wò aláìsàn. Inú bí mi. Mo gbé fèrè kúrò lẹ́nu.

"Ìlù wo lò ń lù yìí, Àlájì? Ṣé mo ti kú ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò lè lù ú."

"Lu àwo yẹn."

"Ẹ jọ̀ọ́."

"Mo ní lù ú! Bó ò bá lù ú, á jẹ́ pé lásán ló gba etí mi."

Àǹtí gbé orí sókè. Àlájì tẹjú mọ́ mi. Ó gbé ọ̀pá ìlù, ó sì lù ú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo agbára rẹ̀ ló fi lù ú, bí ó ṣe máa ń lù ú nígbà tí ara wa ṣì le. Ṣùgbọ́n ohùn tó ń hó nínú orí mi dìde bò ó mọ́lẹ̀. N kò gbọ́ nǹkan kan yàtọ̀ sí híhó yẹn. Mo rí i pé àwo náà ń gbọ̀n. Etí rẹ̀ ń mì lọ, ń mì bọ̀, ó ń tàn nínú oòrùn ẹnu ọ̀nà. Mo ń wò ó, mo ń dúró de ohùn. Ó mì títí, ó dín kù, ó dúró jẹ́ẹ́.

Mo ní, "Mo gbọ́ ọ."

Ẹni tó bá gbọ́ ọ kì bá tí dúró dìgbà tó dákẹ́ kó tó fèsì. Àlájì mọ̀. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó mọ̀, òun náà sì rí i lójú mi pé mo mọ̀ pé ó mọ̀. Ó mi orí díẹ̀, ó yọ ahọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu, ó tún lu àwo náà, kò sì dá ọwọ́ dúró mọ́. Mo gbé fèrè sẹ́nu, mo wọlé.